Èérí Sóbólò Nínú Ààrò Ìyá Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ààrò, torí ààrò yẹn ló fa gbogbo ẹ̀.

Ilé wa wà ní Jamestown, ní Accra, ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára. Ìyá ìyá mi ló rà á nígbà tí àwọn Àlátà ṣì pọ̀ ní àdúgbò yẹn. Àlátà ni àwọn ará ibí ń pe àwa Yorùbá. Wọ́n lè bí ẹ sí Accra, kí wọ́n bí ìyá ẹ náà síbẹ̀, Àlátà ni ẹ́. Kò dùn mí. Nínú àgbàlá ilé yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tó ti gbẹ, ni ààrò búrẹ́dì wà. Ìyá ìyá mi fi amọ̀ àti bíríkì mọ ọ́n, ikùn ẹ̀ sì tóbi débi pé nígbà tí mo kéré mo máa ń rò pé èèyàn lè máa gbé inú ẹ̀. Igi la fi ń dá a. Nígbà tí màmá yẹn kú, ó di ti ìyá mi. Ìyá mi ò mọ iṣẹ́ míì kòráà. Búrẹ́dì ló fi tọ́ mi, búrẹ́dì ló fi sin ọkọ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni olórí ilé. Àlàájì la ń pè é, ìyá mi nìkan ló ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Okaishie, ó ń ta fáànù, ó ń ta áyọ́ọ̀nù, gbogbo nǹkan tó bá ṣáà ti ní wáyà lára. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹnu ẹ̀ ni kò dáa. Páálí ọjà ẹ̀ ti kún ṣọ́ọ̀bù, ó ti kún yàrá ẹ̀, ó ti wá ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tó jẹ́ pé o ò lè kọjá lọ wẹ̀ láìfi orúnkún gbá fáànù. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ààrò wà.

Ọdún yẹn, fúláwà ti wọ́n kọjá agbára. Búrẹ́dì àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, èyí tí wọ́n ń kó sínú ọ̀rá tí wọ́n tẹ àwòrán sí, ti dé ẹnu ọ̀nà wa gan-an. Tiwa ń gbẹ sórí àtẹ. Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáànì ku díẹ̀ kó wọlé, Àlàájì wá sí àgbàlá, ó ń fọwọ́ pa ara ààrò bí ẹni ń pa ara ewúrẹ́ tó fẹ́ rà. Ó ní kí ìyá mi wò ó, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń dáná sí i báyìí, ọjọ́ yòókù ológbò ló ń sùn síbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ibi ìkẹ́rù síbẹ̀. Tí a bá ti ṣe Ìtùnú ààwẹ̀ tán, òun á mú bíríkìlà wá wó o.

Ìyá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, Màámi ló mọ ọ́n."

"Màámi ti kú," ni Àlàájì wí. "Ààrò tó tutù, òkúta lásán ni. Tó bá gbóná, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ṣé ó gbóná?"

Ìyá mi wolẹ̀. Inú bí mi. Inú máa ń bí mi, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Mo ní, "Á gbóná." Àlàájì wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí èmi olómi pupa lọ bomi sí ìgò mi, ó wọlé lọ.

Olómi pupa tó ń pè mí yẹn, sóbólò ni mò ń tà. Ẹ̀yin ará ilé ní Nàìjíríà ń pè é ní sóbò. Òdòdó ìṣápá pupa tó ti gbẹ ni. À ń sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, a ó sẹ́ ẹ, a ó fi ṣúgà sí i, a ó rọ ọ́ sínú ìgò rọ́bà, a ó fi yìnyín tẹ́ ẹ. Ní ọjà Odawna ni mo ti ń tà á, lọ́dọ̀ àwọn aláṣọ, torí àwọn yẹn máa ń fi ọ̀fun pe oníbàárà, ọ̀fun wọn sì máa ń gbẹ. Mi ò lọ yunifásítì. Sẹ́kọ́ńdìrì gan-an mi ò parí ẹ̀. Fóònù mi ni mo fi kọ́ ohun tí mo mọ̀, dátà ni mò ń san bí owó ilé ìwé.

Tí mo bá ti sẹ́ sóbólò tán, èérí ẹ̀ á ṣẹ́ kù sínú asẹ́, bíi ìdajì ìkòkò, òdòdó rírọ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó. Ojoojúmọ́ ni mò ń dà á sí gọ́tà. Lọ́jọ́ kejì tí Àlàájì sọ̀rọ̀ yẹn, mo gbé e lọ dà nù bí mo ṣe máa ń ṣe, inú ṣì ń bí mi, mo wá fọwọ́ fún un bí ẹni ń fún ọrùn ẹnìkan. Ọwọ́ mi pupa dé ọrùn ọwọ́. Mo wò ó. Nǹkan tí mo ti sè, tí mo ti sẹ́, ló ṣì pupa báyìí. Ààwẹ̀ ò tíì wọlé, mo fi ahọ́n kàn án, ó ṣì kan.

Mi ò dà á nù mọ́. Mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo mú fóònù, mo ń kà. Mo kà á pé àwọ̀ pupa yẹn kì í ṣe fún ẹwà lásán, pé òun gan-an wà lára ohun tó ń gbèjà ara, kí ara má máa dógùn-ún láti inú wá. Mo kà á pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń bá omi lọ, púpọ̀ ń ṣẹ́ kù sínú èérí àti sínú èèpo, àti pé èérí yẹn tún ní fọ́nrán tó ń gbá inú ìfun mọ́. Wọ́n ní níbòmíràn, wọ́n máa ń sá èèpo máńgòrò, èèpo ọsàn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ búrẹ́dì àti bísíkíìtì kí oúnjẹ yẹn lè lágbára sí i. Ibi tí kò yé mi, mo tún un kà. Dátà tán, mo lọ ra òmíràn.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé a ò lè bá ilé iṣẹ́ ńlá du búrẹ́dì funfun. Wọ́n á pa wá. Tiwa gbọ́dọ̀ ní ohun tí tiwọn ò ní, ohun yẹn sì rèé tí mo ti ń dà sí gọ́tà láti ọdún yìí wá.

Ìyá mi ò fẹ́ gbọ́. Ó ní ṣé kí àwọn èèyàn lè sọ pé Àlátà ti ń ṣa gọ́tà jẹ ni? Mo ní kò tíì dé gọ́tà, inú asẹ́ ló wà. Ó ní ohun tí èèyàn bá ti sẹ́, pàǹtí ni. Mo wá rán an létí ọṣẹ dúdú tí ìyá ẹ̀ máa ń ṣe, pé ṣebí eérú èèpo kòkó ló fi ń ṣe é, ta ló ń ra èèpo kòkó? Wọ́n dà á nù ni. Òun náà rèé tí gbogbo Accra ń fi wẹ̀, tí wọ́n tún fi orúkọ wa pè é, àlátà sàmínà.

Ìyá mi ní, "A kì í jẹ ọṣẹ."

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó lọ ṣa igi. Ṣùgbọ́n kò ní kí n má ṣe é.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo sá èérí yẹn sórí ẹní ní àgbàlá. Ẹni tó bá mọ Jamestown ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ilé wa ẹja ni wọ́n ń yan, èéfín wọn ò ní ẹnubodè. Mo gún èérí, mo kù ú, mo pò ó mọ́ fúláwà, ìyá mi bá mi yan án. Ó rọra bu díẹ̀ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ́, ó ní, "Ata ló kù." Mo bínú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko tí mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ, ẹja gbígbẹ ni búrẹ́dì yẹn ń rùn.

Òun náà ló wá yanjú ẹ̀, láìfẹ́ yanjú ẹ̀. Ó ti yọ búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ yẹn tán, ó ń nu ọwọ́, ó rí mi tí mo gbé asẹ́ èérí dání tí mò ń wá ibi tí èéfín ò dé. Ó ní, "Gbé e sínú ààrò. Ooru tó kù yẹn, ṣebí à ń dà á nù náà ni."

Àṣé ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí iná bá ti kú tí a ti gbá eérú jáde, ara ààrò á ṣì máa mú ooru fún àkókò gígùn, ooru jẹ́jẹ́ tí kì í jó nǹkan. Ìyá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n: wàá na ọwọ́ sí ẹnu ààrò, wàá ṣe Bísímílàhì, tí o bá lè kà á dé ìparí láìfa ọwọ́ padà, ó ti tó fún èérí. Tí kò bá jẹ́ kí o parí ẹ̀, fi í sílẹ̀. Mo ṣe aláìgbọràn lẹ́ẹ̀kan, èérí jó di àwọ̀ tábà, adùn ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn mo ń ka Bísímílàhì mi pé.

Ìyá mi ló tún fọwọ́ mọ ìwọ̀n tí fúláwà lè gbà. Èérí máa ń mu omi bíi ràkúnmí, tó bá sì pọ̀ jù, búrẹ́dì ò ní wú, á jókòó bíi bíríkì. Ìkúnwọ́ ẹ̀ ni a ń lò, kì í ṣe tèmi, torí ọwọ́ mi máa ń fẹ́ sáré. A ti ń sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ẹ̀ ò wù mí. Ó rí bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ nígbà ọyẹ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá rí i láti òdìkejì títì mọ̀ pé kì í ṣe búrẹ́dì lásán. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ìyá ìyá mi máa ń se pòròpórò ọkà bàbà, ewé pupa gbígbẹ yẹn, ó máa ń fún wa mu pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fún ni. Ewé yẹn kan náà ni àwọn oníwáàkyé ń sè mọ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà kó lè pọ́n. Tí wáàkyé bá ti jinná, wọ́n á yọ ewé jù sílẹ̀.

Oníwáàkyé kan wà ní ẹnu àdúgbò wa, Hájíà kan láti Zongo, àdúgbò àwọn Hausa, ojú ẹ̀ le. Mo lọ bá a pé kí ó fún mi ní ewé tó ti sè. Ó bi mí ní Hausa, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo dáhùn. Ó tún bi mí ní Twi, kí n má bàa ní mi ò gbọ́. Ó ní òun ò fún mi. Ẹ̀yin tó bá ń ta oúnjẹ ẹ mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: ohun tó bá jáde nínú ìkòkò ẹ, o ò kàn ń gbé e fún ọlọ́jà míì. Oníbàárà ẹ lè tẹ̀ lé e lọ. Èmi fẹ́ fi ìbínú sọ fún un pé ewé ni mo béèrè, mi ò béèrè orí ẹ̀, àmọ́ ìyá mi ti mọ̀ mí, ó ti tẹ̀ lé mi wá. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó tì í, wọ́n kí ara wọn pẹ́, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè òkú. Ó wá ní òun náà á máa gbé èédú ààrò òun fún Hájíà, kó jẹ́ pé ohun tó jáde nínú iná òun ló ń wọ ìdí ìkòkò ẹ̀, kí oríre má baà gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Hájíà rò ó. Ó ní kí n wá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Nígbà yẹn a ti wà nínú ààwẹ̀. Ewé wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, omi ìdí ìkòkò náà wà níbẹ̀, ó nípọn, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ màlúù. Mo fún ewé, mo da omi yẹn sórí ìyẹ̀fun èérí àti fúláwà tí mo ti fi yíìsì sí. Ó hó. Ó hó bí ẹnu ẹni tó ń bínú. Inú mi dùn, mo ní yíìsì rèé tó ti jí. Ó dúdú díẹ̀, mo ní pupa tó jinlẹ̀ ni. Ìyá mi yọjú, ó fi imú kàn án, ó ní òórùn ẹ̀ ò yé òun. Àwọn aáfà kan ní aláàwẹ̀ tó ń dáná lè fi orí ahọ́n tọ́ oúnjẹ wò kó tu ú dànù, ṣùgbọ́n ìyá mi ò gbà bẹ́ẹ̀ láyé. Nínú ilé wa, imú la fi ń tọ́ oúnjẹ wò nínú ààwẹ̀. Báyìí la ṣe ti gbogbo ẹ̀ sínú ààrò.

Ohun tó jáde, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ bí màá ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀. Àwọ̀ ewé tó ti kú. Ògiri tí òjò pa tí nǹkan ti hù sí. Ìyá mi ní ká fún ewúrẹ́. Mo kọ̀. Mo ní àwọ̀ kọ́ ni adùn, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú ká jẹ ẹ́. Mo sì ti sọ fún Àlàájì pé búrẹ́dì tuntun ni a máa fi ṣínu lálẹ́ yẹn, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù ní Okaishie tí wọ́n máa ń bá a ṣínu. Mi ò ní sá.

Wọ́n pe ìrun. Wọ́n mu omi, wọ́n jẹ dàbínù. Àlàájì bu búrẹ́dì, àwọn yòókù bù ú tẹ̀ lé e. Mo rí i tí àgbọ̀n Àlàájì dúró, tó tún bẹ̀rẹ̀, tó tún dúró. Ó tu ú sí ọwọ́, ó wá yíjú sí ìyá mi jẹ́jẹ́.

"Àbúrò mi, gbà mí. Ọmọ ẹ fẹ́ fi ọṣẹ fọ ìfun mi."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé lọ́la òun ò ní wẹ̀ mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń lu itan. Àlàájì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní bíríkìlà òun ti gbà láti wá lọ́jọ́ kejì Ìtùnú, kí ìyá mi ti máa kó igi ẹ̀ kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbé àtẹ, mo lọ da búrẹ́dì sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ gbóòórùn ẹ̀, ó sín, ó lọ. Ojú mi pọ́n. Èéfín ẹja ni.

Láàárọ̀, mo mú bẹ́ésìn tí mo fi pò ó, mo fẹ́ fọ̀ ọ́. Ìbínú ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Èérí sóbólò ti gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ bẹ́ésìn kejì, èyí tí mi ò tíì da omi ewé sí. Mo bu omi sí i, omi pọ́n. Mo fi ọṣẹ dúdú pa kànrìnkàn, mo tì í bọ inú ẹ̀. Omi yẹn sì yí padà lójú mi. Ibi tí ọṣẹ kàn di búlúù, ó di àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ búrẹ́dì àná gẹ́lẹ́.

Mo fi kànrìnkàn sílẹ̀. Ọṣẹ. Àlàájì ti sọ ọ́, mo kàn rò pé èébú lásán ni. Ọṣẹ dúdú, eérú ló wà nínú ẹ̀. Kí ló tún ń ṣe bí eérú? Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo mú káún tí ìyá mi fi ń se ilá, mo bu sóbólò sínú kọ́ọ̀bù, mo ju káún díẹ̀ sí i. Ó hó, bó ṣe hó lánàá. Ó di àwọ̀ ewé. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó padà pọ́n. Mo tún ju káún sí i. Mo ṣe é ṣe é títí kọ́ọ̀bù ilé fi tán. Kì í ṣe yíìsì ló jí lánàá. Kíkan inú ìṣápá àti káún ló ń bára wọn jà, káún ló sì borí.

Mo lọ bá Hájíà, mo bi í bóyá ó ń fi káún sí wáàkyé. Ó wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Ó ní ta ló ń se ẹ̀wà láìfi káún sí i? Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ó ní mi ò bi òun. Mo la ẹnu láti bá a jà, mo wá rí ìdí ewé tó ń gé dànù sílẹ̀ kó tó di ewé ní ìdì, ibi líle tí kò wọ ìkòkò. Àwọn yẹn ò tíì rí káún rí. Mo ní, "Hájíà, àwọn wọ̀nyí ńkọ́?" Ó ní ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Mo ní kí ewúrẹ́ má bínú.

Mo se ìdí ewé yẹn nínú omi lásán. Ó pẹ́ kó tó jáde, ó wá jáde, pupa tó mọ́. Mo jẹ́ kó tutù, mo fi po fúláwà àti èérí sóbólò. Kò hó. Ó jókòó jẹ́jẹ́, ó wú ní àkókò tiẹ̀ bí búrẹ́dì ọmọlúàbí. Nígbà tí ìyá mi fi pákó yọ ọ́ nínú ààrò, ẹ̀yìn ẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ Kumasi, inú ẹ̀ dà bí àwọ̀ obì tó pupa. Atalẹ̀ ń ta sókè, ọ̀pẹ̀yìnbó ń tẹ̀ lé e. A ò lè tọ́ ọ wò. A jókòó tì í, èmi àti òun, a ń wo oòrùn.

Wọ́n pe ìrun. Ìyá mi bù ú, ó jẹ ẹ́. Ó tún bù ú.

Mo ní, "Màámi, ṣé ó dáa?"

"Ó kan díẹ̀."

"Ṣé ó dáa?"

"Mo ní ó kan díẹ̀. Gbé òmíràn wá."

Odawna ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sóbólò mi. Ìyá mi ní òun á bá mi lọ, torí òun mọ ẹnu mi. Obìnrin kan tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n máa pariwo pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, pé wọ́n á rà á tán kí oòrùn tó mú. Mo ní mi ò ní ṣe é. Ó ní òmùgọ̀ ni mí. Ẹnu wa gòkè díẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni pé búrẹ́dì ni, ó ní ohun tó dáa nínú ju ti funfun lọ, ibẹ̀ ni òótọ́ mi parí sí. Tí n bá purọ́ mọ́ ọn, kí ló yà mí sọ́tọ̀ sí àwọn tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì trótró?

Oníbàárà àkọ́kọ́ tó dúró, aláṣọ kan ni, ará Gã. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ebi sì ń pa á. Ó bi wá, kí ló pọ́n báyìí nínú ẹ̀? Mo fẹ́ sọ pé ewéko ni, kí n fi ọgbọ́n kọjá. Kí n tó ya ẹnu, ìyá mi ti dá a lóhùn ní Gã, sókè, kí gbogbo ìlà gbọ́: èérí sóbólò ni, àti ìdí ewé wáàkyé, ọmọ òun ló ṣe é, a fọ̀ ọ́, a sá a, a kù ú, ó mọ́. Ìyá mi yìí kan náà, tó ní kí wọ́n má baà sọ pé à ń ṣa gọ́tà jẹ.

Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní Àlátà ò ní da nǹkan kan nù láyé yìí. Ó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ó ra òmíràn fún ọmọ ẹ̀. Aláṣọ kejì ní òun náà fẹ́ ti Àlátà.

Mi ò ní sọ fún yín pé gbogbo Accra rọ́ wá. Ṣùgbọ́n ó tán lọ́jọ́ yẹn, ó tán lọ́jọ́ kejì. Àwọn Mùsùlùmí inú ọjà ń rà á lọ fi ṣínu, àwọn tó kù ń jẹ ẹ́ ní ọ̀sán pẹ̀lú sóbólò tútù. Ìgbà tó yá, ìyá mi ò lè dáná lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mọ́, ojoojúmọ́ ni. Bí búrẹ́dì bá sì ti jáde, èérí á wọlé lọ gbẹ. Bí èérí bá jáde, igi á tún wọlé. Ológbò wá ibòmíràn sùn sí.

Ìtùnú dé, a jẹun, a kí ara wa. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, bíríkìlà dé lóòótọ́, ó gbé òòlù ńlá àti dígà. Àlàájì jáde sí i pẹ̀lú jalàbíà funfun. Ìyá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ ẹ̀ kún fún fúláwà. Mo rí i tó ń fi etí ìró nu ọwọ́ náà, tó sì ń nù ún láìdáwọ́ dúró.

Bíríkìlà fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ààrò láti mọ ibi tó máa kọ́kọ́ lù. Ó yára fa ọwọ́ yọ, ó ń fẹ́ ẹ. Ó ní òun ò lè lu èyí, bíríkì gbígbóná máa ń fọ́ sójú ni, kí wọ́n jẹ́ kó tutù pátápátá ná.

Àlàájì bi ìyá mi ìgbà tó máa tutù. Ìyá mi wò mí.

Mo ní, "Èérí wà nínú ẹ̀, Àlàájì. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó gbẹ."

"Tó bá di ìrọ̀lẹ́?"

"A máa dáná búrẹ́dì ọ̀la."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Èérí tún máa wọlé." Mi ò gbé ojú kúrò lára ẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé tó bá gbóná, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án."

Àlàájì wá fi ọwọ́ tiẹ̀ lé ara ààrò, ó fi í síbẹ̀, kò yára yọ ọ́ bíi ti bíríkìlà. Mo rí i tí ẹnu ẹ̀ ń mì, mi ò mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí ìrora. Nígbà tó fa ọwọ́ kúrò, ó pọ́n. Ó sọ fún bíríkìlà pé kó wọlé wá wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, bóyá wọ́n lè kan pákó mọ́ ògiri lókè fún àwọn páálí. Bíríkìlà gbé òòlù ẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Àlàájì dúró díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Kò yíjú padà. Ó ní, "Èyí tí kò ní ọṣẹ nínú, gbé méjì wá."

Mo gbé méjì fún un. Mo gba owó ẹ̀.

Ìyá mi ti na ọwọ́ sí ẹnu ààrò, ètè ẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, Bísímílàhì ló ń kà. Ó kà á parí, ó ṣì fi ọwọ́ síbẹ̀ díẹ̀. Ó ní igi tó kù ò ní tó ti ọ̀la, pé kí ni mo dúró ń wò. Mo mú okùn, mo lọ wá igi.